Kọ̀ǹpútà Tí Bàbá Mi Fi Ń Kí Èèyàn

Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá kí wa nílé ní Bẹẹrẹ tó sì ń padà lọ, kò gbọdọ̀ yára rìn. Mo lè máa sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti lé àlejò dé ìdí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó. Mo ti lé ìyàwó lémọ́mù kan dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ ní Ọjà'ba, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn èèyàn ń wò mí bóyá olè ló jà mí, kí n tó lè sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, Bàbá ní ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, wọ́n ní ẹ bá àwọn kí Alùfáà." Ìkíni tó ti kí Bàbá mi kó tó jókòó ni èsì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yẹn.

Bàbá mi ni kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ú nígbà tí kò tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì sọ ahọ́n rẹ̀ di igi. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, títí kan èyí tí a rò pé a sọ ní kọ̀rọ̀. Bó bá lanu, ohun tó ń jáde kò jọ ọ̀rọ̀, ojú a sì máa tì í, ló bá kúkú pa ẹnu náà dé. A fi bírò sí i lọ́wọ́ òsì, ohun tó kọ kò yàtọ̀ sí ibi tí adìyẹ ti ń ta ilẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló gbà wá. Títẹ ìwé lórí táípù ni Bàbá fi jẹun ní ọ́fíìsì títí ó fi darúgbó, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń ṣiṣẹ́, kì í wo ọwọ́. Nígbà tí ọ́fíìsì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n ta àwọn ògbólógbòó fún òṣìṣẹ́, Bàbá ra ọ̀kan, ó gbé e wálé. Gbogbo ilé ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni ẹni tó máa tó fẹ̀yìn tì fẹ́ fi tẹlifíṣọ̀n tí kò lè ṣe eré ṣe. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà tó ń jáde níbẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Màmá mi da aṣọ funfun bò ó ní pálọ̀, ibẹ̀ ló wà tí eruku ń bà lé e, títí àìsàn fi dé.

Ọjọ́ tí mo ronú kàn án, mo ti Bàbá dé iwájú rẹ̀ pẹ̀lú àga, mo gbé ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí àwọn bọ́tìnnì náà, mo ní, "Bàbá, ẹ sọ ohun tó bá wù yín." Mo rò pé àdúrà ni yóò kọ, tàbí orúkọ Ọlọ́run. Ohun tó kọ ni, "Ẹ bá mi pa rédíò yẹn." Láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn ni a ti ń gbé rédíò sí i létí láàárọ̀ lálẹ́, a rò pé à ń dá a lára yá. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo jókòó sílẹ̀. Màmá mi, ẹni tí kò mọ̀wé, ní kí n kà á fún òun. Mo kà á. Ó lọ pa rédíò náà, ó bojú, ó sunkún.

Nílẹ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ àná rẹ́ kí Bàbá lè rí àyè kọ tuntun. Màmá mi pariwo mọ́ mi bí ẹni tó rí ejò.

"Kí lo fẹ́ ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ nù ún ni, mà."

"Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ lo fẹ́ nù dànù? Ṣé wọn ò kọ́ ẹ ní kéú ni? Bí wọ́n bá fọ wàláà, ṣé ilẹ̀ ni wọ́n ń da omi ẹ̀ sí?"

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa la mu hàntú dàgbà nínú ilé yẹn, omi tí wọ́n fi fọ tàdáwà ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúrò lára pátákó. A kì í dà á nù, mímu ni à ń mu ún. Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kankan tí Bàbá bá sọ kò gbọdọ̀ parẹ́. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, màá tan ẹ̀rọ, màá ṣí ìwé kan ṣoṣo tí a kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí nínú ẹ̀rọ, màá wá ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, Bàbá yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ láti ibi tó dé. Mo rò pé mo mọ kọ̀ǹpútà nítorí pé mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Bàbá mi sì nìyí, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n tọ́ nínú agbo ilé níbi tí ọmọ tí kò bá mọ ìkíni í dá ti ń jẹ ìkó. Kò lè fi "Ẹ ṣé" lásán dá èèyàn lóhùn. Bí wọ́n bá kí i pé ṣé ara ti ń le, á kọ ọ́ pé: "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ijọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrìn. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Èmi ni mo fi àmì ohùn sí i nísinsìnyí, ẹ̀rọ náà kò ní. Ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń tẹ gbogbo rẹ̀. Nílé wa, àlejò kì í wọ́n. Tí ará àdúgbò yìí bá jáde, ará ọ́fíìsì àtijọ́ á wọlé, ọmọ ìyá tọ̀hún á dé láti Pópó Yemọja. Kò sí èyí tí Bàbá kò dá lóhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ìka bá ti kan bọ́tìnnì ni lẹ́tà ń yọ. Nígbà tí ọyẹ́ máa fi dé, èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á sì dúró díẹ̀. Nígbà tó yá, èèyàn á tẹ̀ ẹ́, á ní "Bísímílláhì", á wẹ̀yìn, kí lẹ́tà tó yọjú. Bàbá á rò pé òun kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á tún un tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ ilé ìwé tí agogo lù fún. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn náà á tún máa falẹ̀. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ ju àlejò lọ. Bí iṣẹ́ eré sísá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kan wà tí n kò sáré. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan wá kí i, ẹni tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, alásọjù ni. Ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe rẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kan jẹ tí ọ̀gbẹ́ni náà dákẹ́. Ló bá lu itan, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àìlèsọ̀rọ̀ ni ìpilẹ̀ṣẹ̀ orí burúkú!" Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó fi rí ibi tó ti sọ ọ́. Màmá mi dìde, ó bi í bóyá yóò mu omi, omi sì wà níwájú rẹ̀. Bàbá tẹrí ba sórí ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. A dúró. Òógùn bo ọ̀rẹ́ Bàbá. Kò lè fara dà á, ó ní ilé pè òun, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti lọ kí èsì Bàbá tó yọ tán. "Òótọ́ ni," ló kọ.

Oríṣiríṣi la ṣe sí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá ilé wa ní ooru ló ń mú un, a gbé fáànù sí ẹ̀yìn rẹ̀, fáànù fẹ́ eruku ọyẹ́ kún inú rẹ̀. Ó tún ní kí a jẹ́ kó máa sinmi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ata. A jẹ́ kó sinmi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, Bàbá kò sì rí nǹkan fi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo ní iná ló kéré, torí pé iná Bẹẹrẹ nígbà yẹn, gílóòbù rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ ju ẹnu sìgá lọ. Mo ra sítébíláísà tó ń gbé iná sókè. Sítébíláísà ń kùn, ẹ̀rọ ń falẹ̀.

Onínúfùfù ni mí, n kò sì ní í fi pamọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbá ẹ̀rọ náà létí gbàmù. Bàbá wò mí, ó wò mí tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan. Mo ti ro ọkà tán kí ọ̀rọ̀ náà tó pé: "Má nà án." Àánú rẹ̀ ṣe mí, àánú ara mi náà ṣe mí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí nǹkan yẹn. Inú ń bí mi sí i, kò sì mọ̀ pé inú ń bí mi.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àárọ̀. Bí ojú Bàbá bá mọ́ sáká, á kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan." Èmi àti Màmá mi á fà mọ́ ọn. Kó tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ náà, ẹnìkan á ti kágò lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá á fi tiwa sílẹ̀, á máa dá onítọ̀hún lóhùn. Nígbà tó bá fi máa parí rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, oorun á gbé e lọ lórí àga. Lọ́jọ́ kejì, "Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan." Àlejò á tún dé. Màmá mi á máa bi mí nínú ilé ìdáná pé, "Kí lo rò pé bàbá rẹ fẹ́ sọ?" Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Mo kàn mọ̀ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, ẹnu Bàbá mi tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, a ò sì ní í gbọ́ ọ.

Mo gba Òkè-Àdó lọ. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aláwòrán. Ẹgbẹ́ mi ni, ó ń fẹ́gẹ̀ díẹ̀, ó ní òun kì í lọ sílé èèyàn, ṣe ni wọ́n ń gbé e wá fún òun. Mo ṣàlàyé pé bí mo bá gbé e wá, bàbá mi kò ní í lè sọ̀rọ̀ títí màá fi gbé e padà. Ó wò mí, ó mú báàgì rẹ̀, a jọ wọ takisí.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ó kí i dáadáa, ó ṣàdúrà fún un. Bàbá sì fa ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Ọkùnrin náà gbé súkúrúdíráfà dání, ó na ọwọ́, ó ká a padà. Ẹ̀rọ tó wá tún ṣe ni wọ́n fi ń kí i. Ta ló máa ní kí àgbàlagbà má parí ìkíni? A jókòó, à ń wo lẹ́tà bó ṣe ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dórí "Ìyá yín ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Eruku inú rẹ̀ pọ̀ tó òwú inú ìrọ̀rí. Ó fẹ́ ẹ, ó nù ún, ó dè é padà, ó tàn án. Kò yàtọ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, ó sì kan ìwé wa.

"Àǹtí, ìwé kan ṣoṣo nìyí látọjọ́ yìí?"

"Ọ̀kan ni."

"Áà! Ẹ̀rọ yìí ti dàgbà, kò lágbára mọ́. Tí Bàbá bá fẹ́ fi lẹ́tà kan kún un, gbogbo ẹrù tó wà lókè yìí ni á kọ́kọ́ gbé. Ẹ pa á rẹ́, á yá."

Ó ń fà á lọ sókè láti ìsàlẹ̀, èmi náà sì ń wò ó. N kò tíì wo òkè rẹ̀ rí. Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ijọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́. Ọmọ ńkọ́. Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ kú oríire. Ẹ kú ìrọ́jú. Ilé ńkọ́. Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan. Kò lópin.

Màmá mi bi wá pé kí ló dé. Mo sọ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó máa pa ọ̀rọ̀ ọkọ òun rẹ́ lójú òun. Ọkùnrin náà rọra ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo lè kó gbogbo ẹ̀ sínú nǹkan yìí fún yín, á wà lọ́wọ́ yín." Ó yọ dísíìkì kan jáde. Màmá mi kò gbà, ó ní nǹkan pẹlẹbẹ yẹn kò lè gba ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo ní kí a bi olóhùn fúnra rẹ̀. Mo tẹrí ba sétí Bàbá, mo ṣàlàyé, a sì tún dúró. Nígbà tó kọ ọ́ tán, mo kà á sókè fún Màmá mi: "Ìkíni ló kún ibẹ̀. Ẹ kó o kúrò. Mi ò tíì sọ̀rọ̀."

Màmá mi kò jiyàn mọ́. Ọkùnrin náà kó o sínú dísíìkì, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dì í mú ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tó ń wọn nǹkan.

"Gbogbo ohun tó sọ nìyí?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

"Kò wúwo," ló ní, ó sì tì í bọ inú ìró rẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣí ojú ìwé tuntun, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà ń bọ́ bí òjò lórí páànù. Mo hó. Mo jó níwájú Bàbá. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ọkùnrin náà, ó ní kò ní í rí ohun tí yóò tì í mọ́lẹ̀. Mo lọ ti ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà kí àlejò kankan má bàa já lù wá, ohun tí a kì í ṣe nílé wa. Mo ní, "Bàbá, ó yá. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín."

Ìka rẹ̀ gòkè. Ó lọ sápá ọ̀tún, ó dúró, ó padà sápá òsì, ó ń wá nǹkan kiri. Ó kan bọ́tìnnì kan. M yọ lójú ẹsẹ̀. A dúró. A dúró gan-an. O yọ. Mo ń wo ojú ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tó yá ni mo wo ìka náà. Ojú ẹ̀rọ ni gbogbo wa ti ń wò látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó wo ìka. Mo gbójú sókè, mo rí i pé ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wò pẹ̀lú.

"Ẹ̀rọ yìí kò tíì yá o," Màmá mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà kó súkúrúdíráfà rẹ̀ sínú báàgì. "Kò tíì yá, Màmá," ló ní. "Màá tún padà wá."

Ó sì ń padà wá lóòótọ́, bó bá ti ní iṣẹ́ lápá Ọjà'ba. Á tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, á fẹ́ eruku tí kò sí níbẹ̀, á dè é padà. Bàbá á máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tó dè é tán, Bàbá fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Wọ́n pe ìrun Alaasárì, ọkùnrin náà lọ kí i ní mọ́ṣáláṣí, ó dé, Bàbá ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Àlejò kankan kò wọlé. Oòrùn ti ń kúrò lára òpó Mápó tí à ń rí láti ojú fèrèsé kó tó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé itan.

"Mo fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ kan," ló kọ. "Ẹ̀rọ ti yá. Èmi ni kò yá."

Èmi ni mo sábà máa ń kà á. Màmá mi yíjú sí mi. "Kí ló sọ?"

Mo lanu. Bí ẹnu Bàbá mi ṣe rí ni ẹnu tèmi náà rí lọ́jọ́ yẹn.

"Bàbá ní mo kú iṣẹ́, Màmá," ọkùnrin náà ló dáhùn.

Bàbá mi wò ó. Apá kan ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀ rọra gòkè, ó rẹ́rìn-ín. Màmá mi mí kanlẹ̀, ó gbé àga sí ọkùnrin náà nídìí.

"Ó mà pẹ́ kó tó kí ọ o," ló ní. "Má bínú, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yẹn ni."